Ìwọ̀n Ẹrù ni Ìwọ̀n Táyà

  Lórí ojú ìwé okòwò wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ táyà àti ríìmù tó lè gbé ẹrù la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Àwọn kan ń fi fáànù kó iṣu, gàrí àti epo pupa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń fi tiwọn jíṣẹ́ páálí láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan ń kó ìkòkò, àga àti tábìlì lọ sí òde àríyá. Àwọn mìíràn ní píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé camper lé, ìyẹn ilé kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, tí tọkọtaya àtàwọn ọmọ fi ń lọ sí etí òkun nígbà ọlidé. Ẹrù wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n orí táyà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì ní Dagenham. Ford ti ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1931. Wọ́n dáwọ́ títo ọkọ̀ dúró ní 2002, ẹ́ńjìnnì dísù ló wá di iṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ohùn ẹ́ńjìnnì dunjú tí kò mọ ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀bù táyà, ìbéèrè méjì là ń béèrè: "Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?" àti "Èló ni?" Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù: "Kílò mélòó ló lè gbé?"

OHUN TÓ WÀ LÁRA TÁYÀ

Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà fáànù kan. Ẹ ó rí irú nǹkan báyìí: 235/65 R16C 115/113R. 235 ni bí táyà náà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 16 ni ìwọ̀n ríìmù rẹ̀ ní ínǹṣì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á dé.

Ẹ jẹ́ ká kà á tán. Lẹ́tà C sọ pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ara rẹ̀ le ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù ú lọ. 115 kì í ṣe kílò. Nọ́ńbà àdéhùn ni àwọn tó ń ṣe táyà fi ń sọ iye ẹrù tí táyà kan lè gbé, 115 sì dúró fún 1,215 kílò. 113 ni ti ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn. Lẹ́tà R sọ eré tó lè sá: kìlómítà 170 ní wákàtí kan.

Ẹ gé èyí pa mọ́ sínú ọkọ̀ yín. Iye tí táyà kan ṣoṣo lè gbé nìyí:

91: 615 kílò
95: 690 kílò
100: 800 kílò
105: 925 kílò
110: 1,060 kílò
115: 1,215 kílò
121: 1,450 kílò

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lára òpó ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín ni àwo kékeré kan wà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ìwúwo tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn inú rẹ̀. Èkejì ni ti ọkọ̀ àti ohun tó bá ń fà lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbé, ẹ̀kẹrin sì ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ti ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ẹ̀yìn ni ẹrù ń jókòó sí. Ká ní 1,850 kílò ló wà níbẹ̀. Táyà méjì ló máa gbé e, kálukú 925 kílò. Táyà yín kò gbọ́dọ̀ kéré sí 105 nìyẹn. Bí ẹnìkan bá wá fi táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó jẹ́ 95 síbẹ̀ nítorí pé ó wọ ríìmù tí owó rẹ̀ sì dínkù, 1,380 kílò péré ni méjèèjì jọ lè gbé. Ó fi 470 kílò dín. Ojú kò ní rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é. Ọjọ́ tí ẹrù bá kún, tí ọkọ̀ ń sáré lórí A13, ni yóò hàn.

Ẹ má sì fojú díwọ̀n ẹrù. Àpò ìrẹsì oníkílò 20, tó bá ti pé 50, ó di 1,000 kílò, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹni tó bá rọ omi 70 lítà sínú camper ti gbé àgbàlagbà kan kún ọkọ̀ rẹ̀. Bí iyèméjì bá wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsù ibi tí weighbridge tó wà fún gbogboogbo wà nítòsí, kí wọ́n wọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀.

TÁYÀ TÓ LE KÒ SỌ ỌKỌ̀ DI TÍRÉLÀ

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti ra táyà 121, àwọn lè di ẹrù bó ṣe wu àwọn. Rárá o. Sípíríǹgì, bíréèkì àti ara ọkọ̀ kò yí padà. Iye tó wà lórí àwo ni òfin ń wò. Bí àwọn òṣìṣẹ́ DVSA bá dá yín dúró, tí ẹrù fi ohun tí kò tó ìdá 10 nínú 100 lé, £100 ni owó ìtanràn. Láti ìdá 10, ó di £200. Láti ìdá 15, ó di £300. Tó bá ti tó ìdá 30, ilé ẹjọ́ ni. Ẹni tó sì gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù January 1997 kò gbọ́dọ̀ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísù tàbí pẹtiróòlù tí àwo rẹ̀ ju 3,500 kílò lọ.

Fún àwọn onícamper, ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀ sí i. Fáànù ń já ẹrù nírọ̀lẹ́, ara a tù ú. Camper kì í sọ ẹrù kalẹ̀ jálẹ̀ ìrìn àjò. Nítorí èyí ni àwọn iléeṣẹ́ kan ṣe ń ṣe táyà tí wọ́n kọ CP sí, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí ẹrù kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí CP ní ìwọ̀n tó bá ríìmù yín mu, ẹ mú un. Bí kò bá sí, táyà C tí nọ́ńbà rẹ̀ tó ìṣirò yín ṣe é lò.

RÍÌMÙ ŃKỌ́?

Ríìmù náà ní iye tó lè gbé. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí sí inú rẹ̀. Ríìmù aláràbarà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè wọ bóòtù fáànù yín wẹ́kú, kó má sì lè gbé ẹrù rẹ̀. Irú ríìmù bẹ́ẹ̀ lè sán. Bí ẹ bá pààrọ̀ ríìmù onírin sí alloy, ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀tì àtijọ́ bá a mu, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bá a mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì wọ̀nyí yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bíi máìlì 30 sí 50. Ẹ sì fi tó iléeṣẹ́ adójútòfò yín létí pé ríìmù ti yí padà, kí wọ́n má baà lo ìyẹn láti kọ owó yín lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

AFẸ́FẸ́ LÓ Ń GBÉ ẸRÙ

Táyà 115 kò lè gbé 1,215 kílò bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá pé. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká, á máa nà, á gbóná, á sì bẹ́. Iye afẹ́fẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ṣófo àti ti ìgbà tó kún wà lára òpó ilẹ̀kùn tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Ẹ má gbàgbé sípéà.

ÀLÒKÙ ÀTI ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ

Òfin kò ní kí á má ra táyà àlòkù nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ri pé ojú rẹ̀ ṣì jin tó mìlímítà 2, kó sì kọ PART-WORN sí i lára. Lójú pópó, fáànù tí táyà rẹ̀ kò tó mìlímítà 1.6 lè mú owó ìtanràn tó tó £2,500 àti póìǹtì 3 wá, lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki owó 20p bọ inú ìlà táyà: bí ẹ bá ṣì ń rí etí tó yí owó náà ká, ẹ tètè gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin ló parí ohun tó tẹ̀lé DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ní oṣù September 2012, bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti òde orin Bestival ní jàǹbá lójú ọ̀nà A3. Èèyàn mẹ́ta kú, Michael Molloy tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 sì wà lára wọn. Táyà iwájú tó bẹ́ ti lé ní ọdún 19, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì jin. Ìyá ọmọ náà, Frances Molloy, kò sinmi títí òfin fi jáde. Láti ọjọ́ 1 oṣù February 2021, táyà tó ti lé ní ọdún 10 kò gbọ́dọ̀ sí níwájú lọ́rì àti bọ́ọ̀sì, tàbí lẹ́sẹ̀ mínībọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní mínībọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ ka nọ́ńbà náà lọ́sẹ̀ yìí. Òfin yìí kò kan fáànù àti píkọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n rọ́bà kò mọ irú ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe di èyí tí ẹ bọ́ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹténà lọ sílé. Táyà àlòkù wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ bò. Oòrùn ilé a sì tètè pa á. Ní oṣù March 2016, Mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àwọn FRSC ní eré àsápajùdé àti táyà tó bẹ́ ló fà á.

KÍ Ẹ TÓ LỌ SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: ìwọ̀n táyà, iye tó wà lórí àwo fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn, nọ́ńbà ẹrù tí ìṣirò yín mú wá, àti iye tí ríìmù lè gbé. Ẹ fi pe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán, ẹ béèrè bóyá owó dídè, báláǹsì àti VAT wà nínú iye tí wọ́n dá. Àwọn tó ń ṣe táyà fáànù àti lọ́rì máa ń ní C lọ́wọ́ ju àwọn tó ń ṣe ti ọkọ̀ kékeré nìkan. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ń dá iṣẹ́ ara yín ṣe, tí ẹ sì ń ka ìnáwó ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan fún HMRC, owó táyà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye máìlì lẹ fi ń ṣírò, ó ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò lè tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n ẹrù náà ni ìwọ̀n táyà. Owó tí a fi ra táyà tó yẹ lè dùn wá lónìí, ṣùgbọ́n fáànù kan ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o. Àmín.