Kí ló dé tí oníkẹ̀kẹ́ fi ń gba etí ọ̀gbun ní Bòlífíà?

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ọ̀nà kan ní Bòlífíà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ikú? Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 64, láti òkè La Cumbre lẹ́bàá ìlú La Paz dé Coroico. La Cumbre fi bíi mítà 4,650 ga ju òkun lọ, ọ̀nà náà sì sọ̀kalẹ̀ dé bíi 1,200. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbáà ni!

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Bòlífíà, bíi tiwa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí, ọwọ́ òsì ni. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, nítorí náà, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lè yọrí lójú fèrèsé wo ibi tí táyà rẹ̀ tẹ̀ létí ọ̀gbun. Ẹni tó ń gòkè ni wọ́n ń yà fún. Òfin mọ́tò nìyẹn o, àmọ́ òun ló gbé oníkẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ náà sétí ọ̀gbun.

Bíréèkì wá ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kẹ̀kẹ́ bá di ẹrù, tí ẹni tó gùn ún ò sì jẹ́ kí bíréèkì sinmi, rímù lè gbóná débi tí táyà á fi bẹ́. Kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti dẹ eré, kẹ́ ẹ wá tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti gbóná jù, ẹ dúró kó tutù. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ má ki bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀ lójijì, torí táyà á yọ̀.

Ọ̀nà tuntun ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú tírélà àti bọ́ọ̀sì lọ. Síbẹ̀, mọ́tò ṣì máa ń yọ látinú kùrukùru.