Irun Ajá Ń Re: Má Ṣe Fi Ọ́ìlì Ọkọ̀ Pa Á Lára!

Ajá kan ń họra láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Irun etí àti ti ìgúnpá rẹ̀ ti re, ara rẹ̀ sì ti sé èépá. Kí ni àwọn kan máa ń ṣe? Wọ́n á lọ gba ọ́ìlì dúdú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á sì fi pa á láti orí dé ìrù. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń lo ọ̀tapíapíà.

Ewu ńlá nìyẹn. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, torí náà ohun tí wọ́n bá fi pa á lára máa wọ inú rẹ̀. Òjé àti àwọn májèlé míì lè wà nínú ọ́ìlì tí ọkọ̀ ti lò. Ní ti ọ̀tapíapíà, ó máa ń gba awọ wọlé. Itọ́ lè máa dà lẹ́nu ajá náà, ó lè máa gbọ̀n, ó sì lè kú.

Kí ló ń mú kí irun re?

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ẹ̀kúrú, kòkòrò kékeré kan ló ń gbẹ́ inú awọ tó sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Ó máa ń ran ajá míì, ó sì lè mú kí ara máa yún àwọn tó ń gbé inú ilé. Làpálàpá máa ń mú kí irun re ní róbótó-róbótó, ó sì máa ń ran ọmọdé. Kòkòrò míì wà tó ń gbé inú ihò irun, tí ọmọ ajá ń kó lára ìyá rẹ̀. Ìyẹn kì í ran èèyàn. Eégbọn náà lè fà á.

Torí pé wọ́n jọra, ṣe ni dókítà ẹranko máa ń ha awọ díẹ̀, táá sì fi ẹ̀rọ wò ó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni ẹyin kòkòrò ẹ̀kúrú fi ń di àgbà, torí náà ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan lè má tó. Má sì ṣe gún ajá rẹ ní abẹ́rẹ́ ivermectin fúnra rẹ, torí ó lè pa irú àwọn ajá kan, bíi Collie.

Ohun tó o lè ṣe nílé

• Ya ajá náà sọ́tọ̀, kó o sì ní kí dókítà yẹ àwọn ajá yòókù wò.
• Fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, kó o sì sá a sóòrùn.
• Jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọwọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án.
• Bí ara bá ń yún ẹnikẹ́ni nínú ilé, kó lọ rí dókítà.

Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì tó wà nílùú Ìbàdàn, Zaria, Nsukka àti Maiduguri. Ajá tó ń ṣọ́ ilé lóru kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó ni ín ló máa bá a sọ ọ́.