Òróró Aláìsàn Kì í Ṣe Òróró Ikú

Ẹ̀yin ará wa, ní àwọn agbo ilé wa ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó àti ní Bẹ́yẹrúnkà, kì í ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni à ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí, kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, síbẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí àbúrò yìí bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n sì rí Fádà tí ó ń wọlé bọ̀ láti Òkè Páàdì, àwọn obìnrin a káwọ́ lérí. Wọn a ní, “Ó ti parí! Wọ́n ti gbé òróró dé!”

Nítorí ẹ̀rù yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ránṣẹ́ sí Fádà àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí. Nígbà tí Fádà bá dé, aláìsàn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, òkú ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀, a kì í fi òróró yìí yan òkú.

Níbo ni ẹ̀rù náà ti wá?

Láyé àtijọ́, ìfòróróyàn ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ń kú lọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Ní 1963, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican sọ pé orúkọ tí ó yẹ ẹ́ jù ni ìfòróróyàn àwọn aláìsàn, àti pé kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀ nìkan. Ní 1972, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà gbé ìlànà tuntun jáde. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé, “Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.” Àrùn ni òróró yìí wà fún.

Inú Bíbélì ni ó ti wá. Jákọ́bù, orí 5, ẹsẹ 14 àti 15, ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì fi òróró kùn ún ní orúkọ Olúwa.

Àwọn wo ni ó lè gbà á?

1. Ọmọ ìjọ tí àìsàn rẹ̀ le.
2. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí àìsàn tí ó le.
3. Arúgbó tí agbára rẹ̀ ti dínkù, bí kò tilẹ̀ sí àìsàn ńlá lára rẹ̀.
4. Ọmọdé tí ó ń ṣàìsàn líle, tí ó ti gbọ́n tó láti mọ ohun tí à ń ṣe.

Bí ara ẹni náà bá yá, tí àìsàn líle sì tún dé, ó lè tún un gbà. Bí àìsàn kan náà bá tún le sí i, ó lè tún un gbà pẹ̀lú.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é?

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ẹ tan àbẹ́là. Bí aláìsàn bá fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí gbogbo yín bọ́ síta díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Fádà a ka Ìwé Mímọ́, a gbé ọwọ́ lé orí aláìsàn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, a sì fi òróró kàn án ní iwájú orí àti ní ọwọ́ méjèèjì. Tẹ́lẹ̀ rí, ojú, etí, imú, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, aláìsàn lè gba Ara Olúwa.

Òróró ólífì ni, tàbí òróró mìíràn tí a fún lára ohun ọ̀gbìn. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó sábà máa ń yà á sí mímọ́, lọ́dọọdún, nígbà tí Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í tà á lọ́jà. A kì í mu ún, a kì í sì fi pa ara bí àdí. Àlùfáà nìkan ni ó lè ṣe é. Àìlówó lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbà á.

Ṣé ara yóò wá yá ni dandan? Rárá o. Ìjọ kọ́ wa pé ó ń fún aláìsàn ní okun, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, ara a yá. Nítorí náà, ẹ má tìtorí òróró pa ọsibítù tì. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí Adéọ̀yọ́, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí Fádà. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé, tí ẹ sì ti ń kọ ọ́, iṣẹ́ yín rèé. Bí ẹ bá jẹ́ Àgùdà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ́ pé: “Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Bí àìsàn mi bá le, ẹ tètè pe Fádà.” Ẹ kọ orúkọ ìjọ yín àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ẹ má fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ fún baálé ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ohun tí kò bá mọ̀ ni kò ní ṣe.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rù òróró yìí?
2. Àwọn mẹ́rin wo ni ó lè gbà á?
3. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a pẹ́ kí á tó pe Fádà?