Àrọ Òǹtajà: Bí A Ti Ń Ta Ẹ̀kọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn elépo mọ àrọ dáadáa. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni a sì fi ń rọ epo sínú ìgò kí ó má baà dà sílẹ̀. Orúkọ ohun èlò yìí ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà yá láti fi ṣàpèjúwe ìrìn oníbàárà láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọjà títí di ọjọ́ tí ó sanwó. Ní 1898 ni Elias St. Elmo Lewis, akọ̀wé ìpolówó ọjà ní Philadelphia, ti la ìpele mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tajà: kí ó gba àfiyèsí ènìyàn, kí ó mú un fẹ́ gbọ́ sí i, kí ó sì mú ọkàn rẹ̀ fà sí ọjà náà. Lẹ́yìn èyí ni a fi ìpele kẹrin kún un, èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn dìde kí ó sì rà á. Ìwé tí William Townsend kọ ní 1924 lórí títa ìwé ẹ̀yáwó ni a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti kọ́kọ́ fi ìpele wọ̀nyí wé àrọ.

Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí kò yẹ kí ó fara sin fún ẹni tí ó ti rọ epo rí. Gbogbo epo tí a bá dà sínú àrọ ni í bọ́ sínú ìgò. Nínú òwò kò rí bẹ́ẹ̀: púpọ̀ ni í kù lókè, díẹ̀ ni í jọ̀ kọjá. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni ì bá yẹ kí wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán, nítorí ẹni tí ó bá gbà pé àrọ ni yóò máa da nǹkan sí i lẹ́nu láìdúró, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ pé kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni yóò wo ohun tí ó kù lókè, yóò sì béèrè ìdí rẹ̀ tí kò fi jọ̀.

Títa ẹ̀kọ́ fún ẹni tí a kò fojú rí kì í ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá. Ní 1840, nígbà tí owó ìfìwéránṣẹ́ di kọ́bọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kúkúrú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi ọgbọ́n àrọ hàn jù lọ ni ti Thomas Foster, olóòtú ìwé ìròyìn ní agbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀ ní Pennsylvania. Òfin ìpínlẹ̀ náà béèrè pé kí àwọn awakùsà yege nínú ìdánwò kí wọ́n tó lè gba ipò aṣáájú. Foster wá ya àyè sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń dáhùn ìbéèrè wọn níbẹ̀, kò sì gba nǹkan mìíràn lé owó ìwé ìròyìn. Ní 1891 ni ó sọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ tí a ń sanwó fún, láti ibẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ International Correspondence Schools ti ìlú Scranton ti jáde. Ìbéèrè tí ń dun ènìyàn lọ́kàn ni ó ṣáájú, ìdáhùn tẹ̀lé e, ìgbẹ́kẹ̀lé tẹ̀lé ìdáhùn, owó ni ó kẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó forúkọ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó sanwó ni kò parí ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìta ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ẹnu àrọ gbòòrò sí i lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Ní 2011, Sebastian Thrun àti Peter Norvig ṣí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Yunifásítì Stanford lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nǹkan bí 160,000 ènìyàn ni ó forúkọ sílẹ̀. Àwọn tí ó parí lé díẹ̀ ní 20,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Andrew Ng àti Daphne Koller dá Coursera sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2013 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn pé òun gan-an ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi pe èrò, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n tà.

Ọjà kan wà nínú irú èyí tí ó kan àwọn òǹkàwé ìwé yìí gbọ̀ngbọ̀n: èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba oyè nínú ìmọ̀ Yorùbá ni ó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Èkó tí wọ́n ń fi Zoom kọ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston. Bí olùkọ́ bá mọ èdè ṣùgbọ́n tí kò mọ òwò, kì í pẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ tó túká, ọmọ náà a sì padà sí ilé tí a kò ti ń sọ èdè náà sí i. Ẹni tí ó mọ òwò tí kò mọ èdè ní tirẹ̀ yóò máa ta Yorùbá tí kò ní ohùn. Igba, igbá, ìgbà àti igbà yóò di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀ ni pé ènìyàn méjì ni yóò gba ìdí àrọ yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tàbí bàbá ni ó ń sanwó, ọmọ ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó sì wu ọ̀kan lè má wu èkejì. Ẹ̀rù ń ba ìyá pé ọmọ òun kò ní lè bá ìyá òun sọ̀rọ̀ kí àgbàlagbà náà tó fi ilẹ̀ bora. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ èyí, eré ni ó ń wá. Nítorí náà, ìpolówó ni a ń kọ sí ìyá, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni a sì ń fi fa ọmọ. Àwọn tí ó yí i padà, tí wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ mèremère polówó fún ọmọ, tí wọ́n sì fi gírámà kí i káàbọ̀, ti pàdánù àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ta kókó jù, àwọn obìnrin ọjà Yorùbá sì ti tú kókó náà tipẹ́. Wọ́n ya ìtọ́wò sọ́tọ̀ kúrò lára ènì. Oníbàárà a bu gàrí díẹ̀ sẹ́nu kí ó tó rà, èyíinì ni ìtọ́wò. Ó kéré, ṣùgbọ́n gàrí gan-an ni. Lẹ́yìn tí ó bá ti rà tán ni a ń bu ènì sí i, kí ó lè padà wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta ẹ̀kọ́ lónìí ni wọ́n ń fi ènì ṣe ìtọ́wò: ogójì fídíò lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó yó kì í rajà. Àwọn mìíràn a fi èèpo ṣe ìtọ́wò: fídíò tí kò kọ́ni ní nǹkan kan ju pé ẹ̀kọ́ gidi ń bọ̀ níwájú. Ìtọ́wò tí ó pé ni ẹ̀kọ́ ogún ìṣẹ́jú kan tí ó parí fúnra rẹ̀, irú èyí tí ọmọ yóò ti mọ ìkúnlẹ̀ àti “Ẹ kú alẹ́ o, mà”, kí ó sì fi kí ìyá ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Ariwo ayọ̀ tí yóò ti Ìbàdàn wá ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Ìṣirò tí ó tẹ̀lé e yìí jẹ́ àpèjúwe lásán. Bí 1,000 òbí bá rí ìpolówó tí a fi 100 pọ́n-ùn ṣe, kí 200 fi àdírẹ́sì ímeèlì wọn sílẹ̀, kí 60 mú ọmọ wá sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí 9 sì san 40 pọ́n-ùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 360 pọ́n-ùn ni ó wọlé. Olùkọ́ tí ó fẹ́ sọ 9 di 18 lè ra ìpolówó 100 pọ́n-ùn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá wo kọ̀ǹkọ̀sọ̀ rẹ̀, yóò rí i pé 140 nínú àwọn tí ó fi àdírẹ́sì sílẹ̀ ni kò wá. Bóyá ìgbàgbé ni. Bí ìránnilétí kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú bá sọ 60 di 120, 18 náà ni yóò sanwó bí ìdá wọn kò bá yí padà, kò sì ná an ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kankan.

Ohun kan wà tí àrọ kò ní tí ọjà wa ní, òun ni ìnájà. Nígbà tí oníbàárà bá ń ná ọjà, kì í ṣe owó nìkan ni ó ń dín. Ó ń sọ ohun tí ń kọ ọ́ lóminú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye owó ti dúró, òǹrajà a sì kàn dákẹ́ lọ. Nítorí náà ni ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a ń kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fi ní láti jọ ìnájà: kí ọ̀kan béèrè ohun tí ó ń dá òbí dúró, kí èkejì dáhùn ohun tí àwọn mìíràn ti béèrè, kí ọ̀kan sọ iye owó láìfi bò. Àwọn kan kò ní sùúrù fún èyí. Wọ́n á gbé aago sí ojú-ewé wọn pé wákàtí mẹ́ta ni ó kù, aago tí í tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀túnla. Wọ́n á kọ ẹ̀rí lẹ́nu òbí tí kò sí láyé. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, òfin ti ka irú ẹ̀rí èké bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti oṣù kẹrin 2025. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ń ṣọ́ ohun tí a ń fi àdírẹ́sì àti orúkọ ènìyàn ṣe, pàápàá ti ọmọdé.

Ó ku ihò kan tí kò sí nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Èkó ni agogo mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo mẹ́ta ni nígbà òtútù; ní Houston, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ a di mẹ́sàn-án. Ní òpin oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ tí kì í pa kíláàsì jẹ a ṣàdédé pẹ́ wákàtí kan, àwọn òbí mìíràn a rò pé olùkọ́ ni kò wá, wọn a sì dá owó oṣù tí ń bọ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni ó yẹ kí ìwé ti dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù wọn, kí a kọ agogo ìlú tirẹ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe ti Èkó.