Ẹ Gba Àkọsílẹ̀ Sáfà Kí Ẹ Tó Pa Á
Bí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú káàdì aláìsàn tàbí èsì ìdánwò, bá dákẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má ṣe kánjú yọ wáyà iná rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń béèrè àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́. Lára ẹ̀rọ Dell, iDRAC ló ń pa á mọ́. Lára HPE, iLO ni. Bí sáfà tilẹ̀ kú, àwọn wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́ bí iná bá ń dé ara ẹ̀rọ (ìyẹn kò rọrùn níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú bíi tiwa). Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà kún un. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ òṣìṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì de gbogbo wa.