ITỌ́ ẸNU LÈ TÚ ÀṢÍRÍ ÀÌSÀN ÌDÍ EYÍN

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Likosi àti agbègbè rẹ̀,

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan nínú wa tó ń ta gààrí wá yáwó pàjáwìrì. Eyín ni ó fẹ́ fi tọ́jú. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní ó ti lé lọ́dún méjì tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde bí òun bá ti run orin láàárọ̀. Kò dun òun, ni òun bá ń fi omi iyọ̀ yọ́nu. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, eyín mẹ́ta ti ń mì. Wọ́n yọ méjì. Owó tó yẹ kó fi ra ọjà ló bá a lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdọ̀tí àti kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Ara á wá rán ọmọ-ogun rẹ̀ lọ bá wọn jà, ẹran ìdí eyín á sì wú. Àwọn ọmọ-ogun yìí ní ohun ìjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MMP-8. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa gé okùn tó so eyín mọ́ ẹran àti egungun. Ó sì ń dà pọ̀ mọ́ itọ́. Itọ́ ẹnu ni a wí o, a kò wí ìtọ̀!

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Timo Sorsa wà, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nínú àyẹ̀wò tó ti ibẹ̀ jáde, èèyàn á fi omi yọ́nu, á tu ú sínú ife, wọn á sì kán díẹ̀ sórí ohun pẹlẹbẹ kan tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá wọ́n lóyún. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìlà kan, kò pọ̀ jù. Ìlà méjì, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹni tó bá ti fi OraQuick yẹ ara rẹ̀ wò fún kòkòrò HIV mọ̀ pé inú ẹnu ni wọ́n ti ń gba ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, kò sí abẹ́rẹ́. Ohun tí ìyẹn ń wá yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jọra.

Àmọ́ o, ìlà méjì kì í dá ẹjọ́ tán. Kò lè sọ eyín tó ń ṣàìsàn, ó sì lè ṣi ọ̀nà nígbà mìíràn. Dókítà ní láti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn bí àlàfo ìdí eyín ti jìn tó, kí ó sì ya fọ́tò X-ray bó bá yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ ṣọ́ra gidigidi: òun àti àìsàn ìdí eyín a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Nítorí náà, ẹ má jókòó de àyẹ̀wò itọ́. Bí ìdí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó wú, tí ẹnu ń rùn, tàbí tí eyín ń mì, ẹ tètè lọ bá dókítà eyín. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù kò jìnnà sí wa. UCH sì wà ní Ìbàdàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Gbogbo wa la mọ̀ pé gbèsè tí a kò tètè san ni èlé rẹ̀ ń ga. Ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín náà, gbèsè ni.

Ó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ire o.

— Akọ̀wé Ẹgbẹ́