Ṣé òfin mọ̀ nípa adìyẹ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ní Sango-Ọ̀tà?

Lábẹ́ afárá Sango-Ọ̀tà, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, adìyẹ tí ọ̀kadà ń gbé kọjá kì í níye. Wọ́n á fi okùn dì wọ́n lẹ́sẹ̀ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, wọ́n á so wọ́n kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Apá wọn á là sílẹ̀, ẹnu wọn á yà, èéfín ọkọ̀ á máa fẹ́ sí wọn lójú títí wọ́n á fi já sí ọ̀nà Ìdírókò.

Ẹnu tó yà yẹn nídìí. Adìyẹ kò ní awọ tó pààlà sáàrin àyà àti ikùn bíi tèèyàn. Tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á rọ́ lu àpò atẹ́gùn tó fi ń mí, èémí á wá di ogun. Ìyà gidi ló ń jẹ.

Òfin sì mọ̀ nípa rẹ̀. Àbala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn lu ẹran nílùkulù, kó di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e, tàbí kó gbé e lọ́nà tí yóò fi jìyà láìnídìí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50! Kò ra ẹyin kan ṣoṣo ní ọjà Ọ̀tà mọ́. Ta ni irú owó bẹ́ẹ̀ fẹ́ bà lẹ́rù?

Níbòmíràn, àríyànjiyàn ti kọjá ti ìyà. Lọ́dún 2016, adájọ́ kan ní Mendoza, lórílẹ̀-èdè Argentina, dájọ́ pé ìnàkí kan, Cecilia, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kí wọ́n mú un kúrò nínú ọgbà ẹranko. Ṣùgbọ́n ní New York lọ́dún 2022, nígbà tí wọ́n pẹjọ́ pé kí òfin ka erin kan, Happy, sí èèyàn, adájọ́ márùn-ún nínú méje kọ̀ ọ́.

Lójú tèmi, adìyẹ Ọ̀tà kò nílò kó di èèyàn nílé ẹjọ́ kó tó rí ààbò. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kò pè é léèyàn, síbẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2012 ni wọ́n ti fòfin de kéèjì lásán, èyí tí ààyè adìyẹ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kò tó ìwé A4 kan. Nàìjíríà kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n, ìlú tí oko Olóyè Ọbásanjọ́ sọ di olókìkí nídìí ọ̀sìn adìyẹ.

Ẹ̀yin aṣòfin Ògùn ní Òkè-Mosàn, ẹ fún wa ní òfin tí ìtanràn rẹ̀ tó nǹkan. Ìwọ tó ń ra adìyẹ ọdún ńkọ́? Àgò làwọn ìyá wa fi ń gbé adìyẹ lọ sọ́jà. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé inú àgò tàbí páálí tó nihò ni kó bá ọ gbé e sí.